Ìbéèrè Kan Ṣoṣo Tí Máfòó Béèrè

Máfòó ni gbogbo ilé-ẹjọ́ ń pè é, láti orí adájọ́ àgbà títí dé orí ẹni tí ń ṣí ìlẹ̀kùn. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ó sì jókòó sí jẹ́ẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìlú kékeré kan tí ojú irin ti pín sí méjì ni wọ́n bí i sí, ọmọ kẹta nínú ọmọ márùn-ún. Bàbá rẹ̀ ni ó ń na àsíá sí ọkọ̀ ojú irin níbi tí títì ti ré ojú irin kọjá, ìyá rẹ̀ sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà. Àwọn tí ó mọ bàbá náà sọ pé kò fi ọjọ́ kan fo ọkọ̀ kankan nínú ìwé tí ó ń kọ wọ́n sí, ìbáà ṣe èyí tí ó kó èèyàn, ìbáà ṣe èyí tí ó kó òkúta. Bí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá ń kàwé fún un ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì fẹ́ dọ́gbọ́n kọjá ọ̀rọ̀ tí ó le, bàbá kì í bínú, á kàn sọ pé, "Má fò ó." Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, yẹ̀yẹ́ di orúkọ, orúkọ sì tẹ̀ lé e dé ibi iṣẹ́.

Iṣẹ́ akọ̀wé tí ń gba ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ sílẹ̀ ni iṣẹ́ náà. Ọdún méjìlélógún ni ó ti fi jókòó sí ìsàlẹ̀ tábìlì adájọ́, lẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan, tí ìka rẹ̀ ń sáré bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí iyanrìn gbígbóná. Ohun tí agbẹjọ́rò bá sọ, a kọ ọ́. Ohun tí ẹlẹ́rìí bá fi dáhùn, a kọ ọ́. Bí ẹlẹ́rìí bá mi orí dípò kí ó fọhùn, a kọ ọ́ pé ó mi orí. Àyè kékeré kan péré ni iṣẹ́ náà fi sílẹ̀ fún ẹnu tirẹ̀: bí kò bá gbọ́ ohun kan yékéyéké, ó lè ní kí wọ́n jọ̀wọ́ tún un sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, akọ̀wé ilé-ẹjọ́ kì í béèrè, kì í dáhùn, kì í fajú ro, kì í rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní iwájú ilé tí wọ́n ń gbé, a máa sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí ìyàwó òun bá ti fẹsẹ̀ kan inú ilé ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ odidi ọjọ́ á tú jáde bí àgbàdo tí àpò rẹ̀ ya.

Ní oṣù kìíní ọdún náà, ìwé kan jáde láti ọ́fíìsì Ọ̀gá Akọ̀wé, obìnrin tí í ṣe olórí gbogbo akọ̀wé ilé-ẹjọ́ náà. Ìwé náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹjọ́ tí ń bọ̀ ní oṣù kẹwàá, ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí akọ̀wé àgbàsílẹ̀ kò ní jókòó sí yàrá ẹjọ́ mọ́. Yàrá ẹ̀dà ni yóò kọrí sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ènìyàn lè jókòó fún ìdánwò ìwé ẹ̀rí náà.

Ó yẹ kí a sọ bí yàrá ẹ̀dà ti rí. Ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ni ó wà. Fèrèsé kan ṣoṣo ni ó ní, ògiri ni fèrèsé náà sì dojú kọ. Àwọn mẹ́rin ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń ṣe ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ nǹkan sí. Iṣẹ́ náà kò burú, ẹni tí ń ṣe é kì í sì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ohùn ènìyàn níbẹ̀. Ohùn ènìyàn sì ni ó mú kí Máfòó máa jí ní òwúrọ̀ láìsí pé agogo dún: ohùn arúgbó tí ń purọ́ tí kò mọ̀ ọ́n pa, ohùn agbẹjọ́rò tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀ tí kò tíì fẹ́ jókòó, ohùn ìyá tí ó gbọ́ pé wọ́n dá ọmọ òun sílẹ̀. Kí wọ́n mú un kúrò níbi tí ohùn wà lọ síbi tí fọ́ọ̀mù wà, bí ẹni mú ẹja kúrò nínú odò ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìdánwò náà pín sí. Ti yíyára ọwọ́, Máfòó gba gbogbo máàkì. Ti kíkọ ọ̀rọ̀ láìsí àṣìṣe, àmì kan ṣoṣo ni wọ́n yọ nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì bá wọn jiyàn lórí ọ̀kan náà. Ẹ̀kẹta, ìmọ̀ nípa àwọn ẹ̀yà òfin, ni ó di òkè tí kò ṣeé gùn.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó ra ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n kọ ìtumọ̀ gbogbo ẹ̀yà òfin sí, ó sì há a sórí láti páálí dé páálí: òfin ọ̀ràn dídá, òfin ẹni sí ẹni, òfin ìpìlẹ̀ tí ó bí ìjọba fúnra rẹ̀, òfin tí ilé aṣòfin ṣe, òfin tí a fà yọ nínú ìdájọ́ àtijọ́, ìlànà tí ilé iṣẹ́ ìjọba gbé kalẹ̀. Ó lè kà á bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn olùdánwò kò sì béèrè ìtumọ̀ kankan. Ìtàn ni wọ́n kọ: ẹnì kan ṣe báyìí, èkejì ṣe báyìí, ẹ̀yà òfin wo ni ó kàn wọ́n? Máfòó wo àwọn ìtàn náà, ó wo ohun tí ó há sórí, àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn rí. Ó fìdí rẹmi.

Ti ẹ̀ẹ̀kejì ni ó di ìtàn tí wọ́n ń sọ káàkiri ilé-ẹjọ́. Ìdánwò àfẹnuṣe ni lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn olùdánwò mẹ́ta jókòó, Máfòó jókòó níwájú wọn pẹ̀lú ìwé àjákọ àti bírò. Ọkùnrin tí ó wà láàárín bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Ọwọ́ Máfòó sọ̀ kalẹ̀ sórí ìwé, ó gba ìbéèrè náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wá gbé ojú sókè, ó ń dúró de ẹni tí yóò dáhùn. Ọdún méjìlélógún ni ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan máa ń béèrè, ẹlòmíràn máa ń dáhùn, iṣẹ́ tirẹ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì. Yàrá náà pa lọ́lọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé yàrá pa lọ́lọ́. Ọkùnrin náà wúkọ́, ó kọ ikọ́. Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ̀yin la ń dúró dè o." Ó kọ ìyẹn náà kí ó tó yé e. Nígbà tí ó fi máa yé e, ojú ti tì í, ìtìjú sì ti gbé ìwọ̀nba ohun tí ó mọ̀ lọ. Wọn kò fún un ní máàkì kankan. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń jáde, ọkùnrin tí ó wà láàárín sáré pè é padà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ìwé àjákọ náà sílẹ̀ fún wọn, nítorí akọ̀wé tiwọn ti fo ìdajì ohun tí wọ́n sọ.

Nígbà tí ó sọ ọ́ nílé, onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi pa kílípà tí ó fi ń gẹ irun oníbàárà, nítorí orí olórí kì í ṣe ibi ẹ̀rín. Máfòó bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó ní ìgbà kan péré ni ó kù. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Ó kúrò lẹ́nu oníbàárà tí wọ́n gẹ ìdajì irun rẹ̀ pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn èyí, ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, ó gbé ìwé búlúù rẹ̀ lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì pamọ́ sí, torí pé ibẹ̀ dákẹ́. Bàbá Ìdìwé ni ó ni ibẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú funfun rán àkọsílẹ̀ ẹjọ́ tí ó ti parí pọ̀, kí ó sì tò ó sórí pẹpẹ. Ó ti rán ẹjọ́ tí ó pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ, ìyẹn kò sì le, nítorí orí rẹ̀ ti pá.

"Kí lò ń kùn sí mi létí bí oyin?" ni ó wí láìgbé ojú kúrò lára abẹ́rẹ́.

Máfòó sọ fún un pé ẹ̀yà òfin ni òun ń kọ́, pé ó ti sú òun, pé agbárí òun ti kún, ohun tí a dà sí i kò wọlé mọ́, ṣe ni ó ń ṣàn lọ. Bàbá dìde, ó fa fáìlì kan yọ lórí pẹpẹ, ó ṣí i sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó gbé e sí iwájú rẹ̀, ó ní kí ó sọ irú ẹjọ́ tí ó jẹ́. Máfòó fi ojú kan wò ó, ó ní ọ̀ràn dídá ni. Bàbá gbé òmíràn. Ó ní ẹni sí ẹni ni. Òmíràn: ó ní ẹnì kan ni ó ń bá ilé iṣẹ́ ìjọba jà lórí àṣẹ tí wọ́n pa. Wọ́n ṣe é títí fáìlì fi di mẹ́rìndínlógún, kò ṣi ẹyọ kan.

"Ta ló sọ fún ọ?" ni Bàbá bi í.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Bàbá. Mo kàn wo orúkọ ẹni tó pe ẹjọ́ lókè àti ti ẹni tí wọ́n pè nísàlẹ̀ ni. Ìjọba ló wà lókè níbí, ó ń pe ọkùnrin yìí, ìyẹn ni pé…" Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sì pa á dé.

"Ìyẹn ni pé kí ni?" Bàbá padà sí ìdí òwú rẹ̀. "Gèlè wà lórí rẹ, o ń tú àpótí. Ọdún méjìlélógún lo fi ń tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́. Ó ṣẹlẹ̀ rí pé o gbé ìjọba sókè níbi tí kò yẹ? Ìka rẹ mọ òfin, orí rẹ nìkan ni ò tíì gbọ́. Lọ bi ìka rẹ."

Láti ọjọ́ náà, Máfòó kò há ohunkóhun sórí mọ́. Ó ti ìwé búlúù bọ àpò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ojú ìwé àkọ́kọ́ dìde lọ́kàn rẹ̀ fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá gbọ́: ta ni ó ń pe ta? Ó tún rí i pé ohun mìíràn wà tí ojú òun ti ń rí láti ọjọ́ pípẹ́, tí òun kò kà sí ìmọ̀. Bí agbẹjọ́rò bá dìde láti sọ̀rọ̀, ìwé kan ni ó máa ń ṣí. Bí ó bá jẹ́ ìwé tín-ín-rín kan tí gbogbo wọn ń fi ọ̀wọ̀ mú, òfin ìpìlẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìwé ńláńlá tí ọdún wà lẹ́yìn wọn, òfin ilé aṣòfin ni. Bí ìwé bá pọ̀ jọ bí òkìtì, tí wọ́n fi bébà wínníwínní sàmì sí ojú ewé wọn, ìdájọ́ àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ fà yọ, adájọ́ á sì mí kanlẹ̀, torí ó mọ̀ pé ilẹ̀ yóò ṣú bá wọn níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ bébà méjì mẹ́ta tí wọ́n fi pín-ìn-nì so pọ̀, tí òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìlànà ni. Ó ti ń wo àwọn ìwé wọ̀nyí láti ọdún gbọ́nhan bí ẹni ń wo bàtà àwọn àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí ó sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀, inú ọkọ rẹ̀ dùn ju ti oníbàárà tí ó bá irun rẹ̀ bó ti fẹ́ ẹ. Ó ní bó bá jẹ́ ẹjọ́ ni ó ń wá, ṣé ó mọ̀ pé ẹjọ́ tí ń wọ ṣọ́ọ̀bù òun lọ́sẹ̀ ju èyí tí ń wọ ilé-ẹjọ́ lọ? Láti Sátidé yẹn lọ, Máfòó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ dígí ńlá, ọkọ rẹ̀ a sì ṣí ìjókòó: "Ilé-ẹjọ́ ti jókòó o. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn, kó bọ́ sórí àga." Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń bọ̀ wá gẹrun tí irun wọn kò tíì hù, nítorí pé wọ́n ní ẹjọ́ lọ́wọ́.

Obìnrin tí ń ta ìwé ìròyìn ní ìkangun òpópónà wá sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ti ìsọ̀ òun pa láìkọ̀wé ṣáájú. Máfòó gbé obìnrin náà sókè, ó gbé ilé iṣẹ́ ìjọba sísàlẹ̀, ó ní bébà tí òǹtẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni kí ó lọ béèrè. Obìnrin náà ní òun fẹ́ràn pé òun wà lókè, pé ó ti pẹ́ tí òun ti wà lókè ohunkóhun kẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ náà fẹ́ kí wọ́n dá ẹjọ́ tirẹ̀.

"Bí mo bá pè ọ́ lẹ́jọ́ pé o ò jẹ́ kí n ráyè sọ̀rọ̀ nínú ilé ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lókè, èmi nísàlẹ̀, Bàbá ọmọ mi. Ẹjọ́ ẹni sí ẹni ni."

"Èmi ni mo wà lókè?"

"Nínú ìwé ni o."

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ gbóná jù ni ọjọ́ tí bíríkìlà kan wá. Awakọ̀ akóyanrìn kan ti mu ọtí yó, ó sì fi ọkọ̀ wó odi tí bíríkìlà náà ń mọ fún ilé ara rẹ̀. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, Máfòó ti ní ìjọba lókè, awakọ̀ nísàlẹ̀, ọ̀ràn dídá ni, ó ti tán. Bíríkìlà gbé ààbọ̀ orí tí wọ́n ti gẹ dìde lórí àga, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ṣé odi ìjọba ló wó ni? Ìjọba bá mi gbé búlọ́ọ̀kù? Ẹ̀yin náà ẹ bi wọ́n: bí wọ́n bá ti awakọ̀ mọ́lé, ṣé ẹ̀wọ̀n ló máa bá mi mọ odi?"

Ṣọ́ọ̀bù gbà á lẹ́nu ara wọn. Àwọn kan wà lẹ́yìn ìjọba, àwọn kan wà lẹ́yìn bíríkìlà, onígbàjámọ̀ sì ń bẹ gbogbo wọn pé kí ọkùnrin náà jọ̀wọ́ jókòó kí èkejì orí rẹ̀ lè bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Máfòó rántí ẹjọ́ kan tí òun ti tẹ̀ rí, tí àwọn ènìyàn kan náà padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pẹ̀lú fáìlì mìíràn, tí Bàbá Ìdìwé sì kọ̀ láti rán wọn pọ̀. Máfòó ní kí wọ́n fún òun ní ojú ìwé méjì. Ní ti àkọ́kọ́, ìjọba ni ó ń pe awakọ̀ nítorí ọtí. Ní ti èkejì, bíríkìlà fúnra rẹ̀ ni ó ń pe awakọ̀ nítorí odi. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ẹjọ́ méjì, ẹ̀yà òfin méjì, ọ̀kan kò sì pa èkejì lẹ́nu mọ́. Bíríkìlà jókòó. Ó ní nísinsìnyí ni wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá òun sọ òótọ́.

Ìdánwò kẹta bọ́ sí oṣù kẹjọ. Ọ̀gá Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ni alága. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni adájọ́ fẹ̀yìntì kan jókòó sí, bàbá tí irun funfun ti gba gbogbo àgbọ̀n rẹ̀. Apá òsì ni agbẹjọ́rò obìnrin kan tí ń kọ́ni. Ọ̀gá Akọ̀wé ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú bírò wọlé, kò sì sí ẹni tí kò mọ ẹni tí ó torí rẹ̀ ṣòfin náà. Máfòó gbé ọwọ́ lé itan. Ìka rẹ̀ ń lù ú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n lè kọ lórí aṣọ.

Àwọn ìbéèrè àkọ́kọ́ rọrùn fún un ju bí ó ti lálàá lọ. Wọ́n sọ ìtàn, ó gbé ẹnì kan sókè, ó gbé ẹnì kan sísàlẹ̀, ó sọ ìwé tí agbẹjọ́rò yóò ṣí. Agbẹjọ́rò obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí bí ẹni gbọ́ orin tí ó mọ̀. Ìbéèrè kan ni ó kù. Adájọ́ fẹ̀yìntì ni ó kà á, ó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ìjọba gbé káfíńtà kan lọ sí ilé-ẹjọ́. Káfíńtà náà ti bá ìjọba ṣe àdéhùn pé òun yóò kan igba àga fún ilé-ìwé kan, ìjọba sì ti kó pákó fún un. Ọjọ́ tí ilé-ìwé wọlé, àga kò pé. Ẹ̀yà òfin wo ni èyí?

Ìdáhùn ti dé ètè Máfòó. Ìjọba ni ó wà lókè, káfíńtà wà nísàlẹ̀. Bí ó ti ń rí nìyẹn bí ó bá jẹ́ ọ̀ràn dídá. Ó la ẹnu. Bí ó ti la ẹnu, ó rí ojú ìwé náà lọ́kàn rẹ̀ bí ẹni pé ó wà lórí ẹ̀rọ, ó rí orúkọ méjèèjì, ojú rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ dé ìlà tí ó wà lábẹ́ wọn, níbi tí ó máa ń tẹ ohun tí ẹni tí ó pe ẹjọ́ ń fẹ́ kí ilé-ẹjọ́ ṣe fún un. Ìlà náà ṣófo. Kò sí ohun tí ó wà níbẹ̀. Adájọ́ fẹ̀yìntì yìí kò sọ ọ́.

Ó pa ẹnu dé. Ó ronú pé bóyá òun ni kò gbọ́. Ó mọ̀ pé òun gbọ́. Etí rẹ̀ kò tíì tàn án jẹ rí. Ó lè ní kí wọ́n jọ̀wọ́ tún un sọ, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà á láàyè láti sọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ìlà náà yóò ṣófo síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù tí ènìyàn lè ṣe, òun náà sì ni ohun tí kò ṣe rí níwájú adájọ́ láti ọdún méjìlélógún. Ó rántí fèrèsé tí ó dojú kọ ògiri.

"Ẹ má bínú, sà," ni ó wí. "Kí ni ìjọba ń fẹ́ gbà?"

Ọ̀gá Akọ̀wé tẹ orí síwájú, ó sì fi ohùn tí kò le tí kò sì rọ̀ rán an létí pé níbí, àwọn ni wọ́n ń béèrè.

"Mo mọ̀, mà," ni Máfòó dáhùn. "Àmọ́ mi ò lè fi ìlà náà sílẹ̀ lófìfo. Bó bá jẹ́ pé ìjọba fẹ́ kó kan àga tó kù tàbí kó dá pákó padà ni, ọ̀rọ̀ àdéhùn ni, ẹni sí ẹni ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ìjọba ló wà lókè. Níbẹ̀ yẹn, ìjọba kàn jẹ́ ẹnì kan bí ẹnikẹ́ni tó gbéṣẹ́ fún káfíńtà ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ gba pákó, tí wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́, ọ̀ràn dídá ni. Orúkọ tó wà lókè nìkan ò lè sọ ọ́ fún mi. Ohun tí ó ń fẹ́ ló máa sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ó ń fẹ́, sà. Ẹ ò tíì sọ fún mi ni."

Adájọ́ fẹ̀yìntì yọ awò ojú rẹ̀. Ó wo Ọ̀gá Akọ̀wé, ó wo agbẹjọ́rò, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ irùngbọ̀n funfun náà, ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé èjìká rẹ̀. Ó ní láti òwúrọ̀, ènìyàn mọ́kànlá ni ó ti jókòó sórí àga yẹn. Àwọn mẹ́fà ní ọ̀ràn dídá ni, àwọn márùn-ún ní ọ̀rọ̀ àdéhùn ni, gbogbo wọn ni ọkàn wọn sì balẹ̀.

"Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn náà," ni ó wí. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá a ṣì ní akọ̀wé tó máa rí i pé nǹkan kan ò sí níbi tó yẹ kí nǹkan wà. Ọ̀gá Akọ̀wé, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe adájọ́. Mo ti rí agbẹjọ́rò tó lọ títí dé ìdájọ́ tí kò béèrè ohun tí obìnrin yìí béèrè."

Ọ̀gá Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe àṣà rẹ̀. Ó yíjú sí akọ̀wé wọn tí ó jókòó ní igun yàrá, ó ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí ń ṣe ìdánwò béèrè, kí ó sì kọ ìbéèrè náà bí ó ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Máfòó na ọrùn díẹ̀ láti wò bóyá ó ń kọ ọ́ dáadáa. Kò lè ṣe é kí ó má wò ó.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dúró. Ìwé èsì dé ní ọjọ́bọ̀, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì sì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù nítorí pé ó fẹ́ gẹrun. Onígbàjámọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀, kò ṣí i, ó pe ìyàwó rẹ̀ jáde. Máfòó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti orí àdírẹ́sì, láti orí nọ́ńbà ìwé, láti orí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, kò sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ fò lọ sísàlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ kan rọ́pò èkejì. Obìnrin oníwèé ìròyìn ti fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Bíríkìlà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tí ó wọlé, ní kí wọ́n jọ̀wọ́ sọ fún òun bóyá kí òun máa yọ̀ tàbí kí òun máa bínú, torí ọrùn ti ń ro òun.

Nígbà tí ó dé ìlà ìparí, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà, ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi í lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì jókòó sórí àga gígẹrun gan-an bí ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n fá òun lórí.

"Mo yege," ni ó sọ, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tí ń sọ aago tó lù lọ.

Ariwo tí ó tẹ̀ lé e kò ṣeé kọ sílẹ̀, òun náà kò sì gbìyànjú rẹ̀. Onígbàjámọ̀ yí àga náà po pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ lórí rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta, títí ó fi ń bẹ̀ ẹ́ pé òòyì ti ń kọ́ òun. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì kò rí irun gẹ̀ ní ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tí ó rí i gẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 2017, ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀, Máfòó búra níwájú adájọ́ àgbà gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àgbàsílẹ̀ tí ó ní ìwé ẹ̀rí, nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ mọ́kàndínlógún. Ní aago mẹ́sàn-án, ó jókòó sí ìsàlẹ̀ tábìlì adájọ́ ní yàrá ẹjọ́ kejì, ó sì tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ ẹjọ́ ọjọ́ náà: ẹjọ́ ẹni sí ẹni, láàárín aládùúgbò méjì, lórí igi ọsàn kan tí ẹ̀ka rẹ̀ ré kọjá ààlà.